Ọ̀ràn Èéfín Mọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ Lásùnwọ̀n nílé lóko, ọ̀ràn kan wà tí àwa kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́, nítorí lójoojúmọ́ ni a ń mí i sínú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti Ìkòròdú gba Máìlì 12 lọ sí Kétu ní ìdájí mọ ohun tí à ń wí. Dánfó ń tú èéfín, ọkọ̀ akẹ́rù ń tú u, àwọn ìyá tí ń tajà lẹ́bàá títì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn sì ń gbà á símú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí ọrùn aṣọ funfun bá dúdú kí a tó dé ibi iṣẹ́, a ó ní eruku ọ̀nà ni, a ó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ojú kò rí ni ó léwu jù. Ẹ̀rún kan wà nínú èéfín náà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá to bí ọgbọ̀n nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìbú wọn kò ju ti fọ́nrán irun orí kan lọ. Imú kò lè sẹ́ ẹ, ikọ́ kò sì lè lé e jáde. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ tààrà, láti ibẹ̀ ni ó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa fa àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Ní ti èéfín dísẹ̀lì, láti ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ.

Báńkì Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2020 lórí afẹ́fẹ́ Èkó. Ó ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ búburú pa ènìyàn bí 11,200 láìtọ́jọ́ ní Ìpínlẹ̀ yìí, àti pé bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ìwọ̀n ẹ̀rún tí a bá nínú afẹ́fẹ́ Èkó jẹ́ 68, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí ó ju 10 lọ. Láti ọdún 2021 ni wọ́n sì ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 5. Kì í ṣe mọ́tò nìkan ni ó jẹ̀bi. Ìwé náà ka ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, ó sì dárúkọ Odógúnyán tiwa. A ó sọ ti èyíinì ní ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n mọ́tò wà níwájú nínú wọn.

Nígbà tí a bá ń wá ẹni tí a ó bú, awakọ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ rí. A ní kò tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì gbígbó tí kò lè jó epo tán ni ó ń pọ èéfín dúdú. Ṣùgbọ́n epo tí ó rà ńkọ́? Imí ọjọ́ wà nínú epo. Bí epo bá jó, imí ọjọ́ náà a di atẹ́gùn olóró, a sì tún padà di ẹ̀rún nínú afẹ́fẹ́. A sì máa ba àsẹ́ tí wọ́n fi sí sàléńsà ọkọ̀ tuntun jẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó náwó ra ọkọ̀ tí ó dára pàápàá kò jèrè rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà kí imí ọjọ́ inú dísẹ̀lì ọkọ̀ ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní Nàìjíríà, títí dé 3,000 ni òfin gbà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ Public Eye ní Switzerland tú àṣírí àwọn oníṣòwò epo ìlú wọn, pé wọ́n ń po epo tí wọn kò jẹ́ tà fún ará ilé wọn, wọ́n sì ń kó o wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, nítorí òfin tiwa gbà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire pinnu ní Àbújá pé àwọn kò ní gba dísẹ̀lì tí imí ọjọ́ rẹ̀ ju 50 lọ wọlé mọ́. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 2017, Ghana mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ. Nàìjíríà kò mú tirẹ̀ ṣẹ. Ó dùn wá púpọ̀ pé ìlú tí ó ní epo rọ̀bì ni ó kẹ́yìn nínú ọ̀ràn epo mímọ́.

Nísinsìnyí, ilé ìfọpo ńlá Dangote ti wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Láti ọdún 2024 ni ó ti ń fọ epo. Ní oṣù Keje ọdún náà, aláṣẹ tí ń ṣọ́ ọ̀ràn epo ní imí ọjọ́ inú dísẹ̀lì ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ilé ìfọpo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ní ti òkè òkun ni ó burú jù. Olúkúlùkù ka iye tirẹ̀. Àwa tí a ń fa èéfín náà símú, a kò ní iye kankan lọ́wọ́ tí a lè fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Nítorí náà ni àwa fi ń bẹ Ìjọba àti àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn láti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, pé kí wọ́n máa yẹ epo wò nílé epo fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sí ara ògiri níbẹ̀, kí wọ́n tó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n dà sínú táńkì rẹ̀. Kí wọ́n sì máa kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ síta lójoojúmọ́ ní gáréjì Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́, ní èdè Yorùbá, níbi tí èrò ti lè kà á. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí wa, a ó máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí lóṣooṣù.