Ẹyẹ kọ́ ló máa bá yín kó àgbàdo: ọ̀nà mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi ṣírò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọlọ́jà wa ní Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Èrúwà àti gbogbo Ìbàràpá,

Ohun kan wà tó ń jẹ èrè wa. Tí oníbàárà bá pè láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀pọ̀ wa á tẹ fóònù, a ó wo bí ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra, a ó sì fi iye yẹn ṣírò owó ọkọ̀. Ẹ ṣọ́ra o. Nígbà míì, ìlà tààrà ni fóònù ń fà láti ìlú kan sí èkejì, bí ẹni pé òfuurufú la fẹ́ gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìdèrè àti Mókwá ní Ìpínlẹ̀ Niger. Tí ẹyẹ bá fò tààrà, bíi kìlómítà 280 ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò á gba Igbó-Ọrà àti Èrúwà dé Ìbàdàn, á gba Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, á wá sọdá Odò Ọya lórí afárá Jẹ́bà kó tó dé Mókwá. Ìyẹn ti súnmọ́ 400. Ẹyẹ kì í wá afárá, tírélà ò sì lè fò.

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán: tí kìlómítà kan bá ń ná ọkọ̀ ní ₦1,000, ₦280,000 lẹ máa kọ sílẹ̀, ₦400,000 ni onímọ́tò máa gbà. Tó bá jẹ́ 100 àpò àgbàdo lẹ kó, ₦1,200 ti lọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Èrè yín nìyẹn.

Bàálù ńkọ́? Kò sí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìdèrè, kò sí ní Mókwá. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù gan-an, mọ́tò ló máa kọ́kọ́ gbé e dé Alákìà n'Ìbàdàn.

Lójú tèmi, kìlómítà nìkan ò tó, ẹ béèrè wákàtí. Àgbàdo tó gbẹ dáadáa, tí omi inú rẹ̀ ò ju 13 nínú 100 lọ, lè sùn lọ́nà tí òjò ò bá ti pa á. Ẹ̀gẹ́ tútù ò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3 tí ẹ bá hú u, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Omi ló sì pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀. Tí ọjà bá jìnnà, ẹ fi ṣe gàrí tàbí láfún kẹ́ ẹ tó dì í sọ́kọ̀. Ẹ má sanwó ọkọ̀ lórí omi.

Ọ̀nà tún máa ń yí padà. Omíyalé tó ṣẹlẹ̀ ní Mókwá ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025 gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ba ọ̀nà jẹ́. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, dírébà tó ti ibẹ̀ bọ̀ ló mọ bó ṣe rí.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fẹnu kò lórí owó, ẹ bi dírébà méjì, ó kéré tán: ọ̀nà wo lẹ máa gbà? Wákàtí mélòó? Ẹ sì bi oníbàárà: ta ló máa san owó ọkọ̀? Ẹni tí ò bá béèrè, àpò rẹ̀ ló máa dáhùn.

Ibo lẹ̀ ń kó ọjà yín lọ, èló sì ni wọ́n ń gbà lórí àpò kan báyìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi ṣọgbọ́n. Oko á yè o.