Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì, ta ló wá ń lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀?

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn èèyàn kò wá orúkọ rẹ̀ jìnnà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é. Yóò sọ tirẹ̀ tán, kò sì sí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ ṣe lè dá a lóhùn. Bó bá purọ́ mọ́ èèyàn, onítọ̀hún yóò gbé e mì ni.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ bó ṣe ń dunni tó. Lọ́dún 1953, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Action Group fi ìbínú jáde nílé aṣòfin l'Ékòó lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, Gómìnà John Macpherson, Òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, bọ́ sórí rédíò, ó sì dá wọn lẹ́bi. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò gbà. Nígbà tí òfin ọdún 1954 wá fàyè gba ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan láti dá tirẹ̀ sílẹ̀, Ìwọ̀ Oòrùn kò fi falẹ̀. Lọ́jọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, rédíò sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ àìgbèsì ló bí ilé iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi di ẹnu ìjọba nìkan. Títí tí àwọn ológun fi dé, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ẹni tó ti dàgbà nígbà náà kò lè gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ tí rédíò bá ń kọ orin ológun ṣáá láìdákẹ́. Kí sójà kankan tó sọ̀rọ̀, ara ti fu gbogbo ilé pé ìjọba ti dojú dé.

Síbẹ̀, rédíò ayé ìgbà náà wúlò fún ará oko. Iye tí ìjọba yóò ra kòkó, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, kó tó di pé wọ́n tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká lọ́dún 1986. Ìkéde òkú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà lábà ló jẹ́ pé orí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ pé ìbátan àwọn ti kú nílé.

Lọ́dún 1992, òfin ìjọba Babangida gba aládàáni láyè láti dá rédíò àti tẹlifíṣàn sílẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká sì dé lọ́dún 2001, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì. Àgbẹ̀ tó wà nídìí ebè lè pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn, kó ní ọ̀nà abúlé àwọn ti bàjẹ́, kí gómìnà sì gbọ́ ọ. Ohun rere gbáà ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò lónìí, kí wọ́n ka àkọlé ìwé ìròyìn, kí wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ sí i, kí wọ́n sì gba ìpè, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó pè ló ń sọ ìròyìn. Owó ara rẹ̀ ló fi ra káàdì tó fi pè. Ilé iṣẹ́ ń gba owó ìpolówó lórí rẹ̀. Akọ̀ròyìn tí yóò gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ ti wọ́n bí ojú. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan bá sì pè wọ́n síbi ayẹyẹ, owó ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè, ìròyìn tí wọ́n sanwó fún yóò wá jáde bí ìròyìn gidi.

Ká ní ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran lábúlé kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ-ọmọ ti gbé fóònù wá fi àwòrán òkú han bàbá àgbà. Ó lè jẹ́ òkú ibòmíràn, ó lè jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá yóò tan rédíò kó lè mọ òótọ́. Ẹnìkan pè, ó ní èèyàn mẹ́wàá ló kú. Ẹlòmíràn ní méjì ni. Ẹ̀kẹta ní kò sẹ́ni tó kú, pé olóṣèlú ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi orin sí i. Ní irú àkókò yẹn, àwọn kan ti ń di ẹrù wọn, àwọn mìíràn sì ti ń pọ́n àdá.

Fóònù ti gba iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́kọ́ sọ fúnni lọ́wọ́ rédíò, kò sì ní dá a padà. Iṣẹ́ tó kù fún rédíò ni kó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí gbogbo ayé ti gbọ́. Ìyẹn kò ṣeé fi ìjókòó ṣe. Àwọn tó ní ilé iṣẹ́ rédíò, àti ti ìjọba àti ti aládàáni, yẹ kó ní akọ̀ròyìn kan tó ń gbowó oṣù, ó kéré tán, ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ohùn wọn dé, kí wọ́n sì fún un lówó epo ọ̀kadà. Nígbà tí ìpè bá wọlé láti abúlé yẹn, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ rán lọ, kí wọ́n tó gba ìpè kejì.