Sípíkà Tí Ọmọ Ilé-Ìwé Kàn Fúnra Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ Kò Gbọdọ̀ Parí Sínú Ìwé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n." Ẹni tí ó bá wo agídìgbo dáadáa yóò rí i pé àpótí igi tí ó ní ihò ni, tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́. Ohùn irin náà nìkan kò lè rìn jìnnà. Àpótí ni ó ń gbé e jáde. Sípíkà tí ó ń kọrin nínú yàrá lóde òní náà kò lè ṣe é láìsí àpótí. Nítorí náà, ṣíṣe sípíkà kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ètò ẹ̀kọ́ tuntun. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà ni wọ́n là sílẹ̀ fún ilé-ìwé girama: ẹ̀rọ iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìtọ́jú ẹwà ara, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn. Ète rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ káfíńtà kò sí nínú rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó ń kọ́ àtúnṣe nílò ohun kan tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò yẹ kí wọ́n gbàgbé ohun tí ojú rí nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982. Ìjọba kó ẹ̀rọ olówó ńlá wá láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí tí wọ́n fi kó o wá ni ẹ̀rọ wà títí tí ó fi dípẹtà. Àwọn ọmọ ya àwòrán ayùn àti òòlù sínú ìwé, wọn kò fi ọwọ́ kàn án.

Sípíkà kékeré tí ó lè jókòó lórí pẹpẹ ìwé kò béèrè irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú bí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ohun tí ọmọ nílò kò ju ayùn, tépù, òòlù, gọ́ọ̀mù, ìṣó onídè, àti irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Àjákù pákó puláìwúùdù ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó o, nítorí àpótí méjì kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún odidi pákó lọ. Sípíkà oníwọ̀n íǹsì 4 tàbí 5 wà nínú rédíò àti ẹ̀rọ ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ tí ó ti bàjẹ́.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé ọmọdé. Bébà sípíkà ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn. Bí kò bá sí àpótí, afẹ́fẹ́ tí ó tì síwájú yóò yípo pàdé ti ẹ̀yìn, wọn yóò pa ara wọn, ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì sọnù. Ní ọdún 1954, Edgar Villchur ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé sípíkà kan jáde tí ó fi hàn pé àpótí kékeré tí wọ́n dí pa lè mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde kedere.

Àpótí tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ó ga ní 25, tí ó sì jìn ní 20, yóò gba afẹ́fẹ́ lítà 7.5, èyí tí ó bá irú sípíkà bẹ́ẹ̀ mu. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí wọ́n sì fi òwú díẹ̀ sínú rẹ̀. Nọ́ńbà ómù tí ó wà lẹ́yìn sípíkà ṣe pàtàkì: bí wọ́n bá so ómù 8 méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó di 4, ampilifáyà tí kò lè gba 4 sì lè jóná. Ampilifáyà oníbátìrì fólítì 12 ni ó yẹ ọmọdé. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbọọrọ lè gbá ènìyàn kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ nìkan ni kí ó tú u.

Bí wọ́n bá parí rẹ̀, àwo orin Haruna Ishola, àgbà olórin àpàlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó kú ní ọdún 1983, tó láti dán an wò. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí àpótí bá ń hó jù, ohùn agídìgbo yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ohun tí ìlù ń sọ kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò sọ pé sípíkà kékeré tí wọ́n ń tà ní ọjà Alaba wọ́n kéré ju wàhálà yìí lọ. Òdodo wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá ra gbogbo ohun èlò ní tuntun, pàápàá lẹ́yìn tí Náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023, lè náwó ju ẹni tí ó ra èyí tí ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí bátìrì ti ọjà bá kú, ààtàn ni ó ń lọ. Ẹni tí ó bá kan tirẹ̀ lè tú u, kí ó sì tún un ṣe. Ó ti mọ ìwọ̀n, igun, iná àti ohùn, ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó yẹ kí ilé-ìwé girama ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin pe káfíńtà kan àti ẹni tí ń tún rédíò ṣe wá sí kíláàsì, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí wọ́n ń fi aṣọ dá àwọn ènìyàn lọ́lá ní Ojúde Ọba fi díẹ̀ nínú owó wọn ra ayùn àti tépù fún ilé-ìwé. Bí ìjọba kò bá fẹ́ kí ètò ọdún 2025 jọ ti 1982, kí ó béèrè ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí ó tó fún un ní máàkì.