Omi Kò Wọ́n, Ohun Tí Yóò Là Á Ló Wọ́n
Omi ni í paná, síbẹ̀ ohun tó ń jó wà nínú omi. Ní 1800, William Nicholson àti Anthony Carlisle fi iná mànàmáná ya omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí háídrójìn bá jó, kì í rú èéfín. Omi ló tún ń dà.

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti inú gáàsì? Owó ni. Iridium, tó ń mú omi tètè yà bí kán-ún ti ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Ní 2008, Daniel Nocera àti Matthew Kanan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé cobalt àti phosphate, tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, lè yọ ọ́síjìn kúrò nínú omi. Èyí tí yóò yára, tí yóò sì tọ́jọ́, ni ayé ń wá.