Ajẹ́lẹ̀: Ẹni tí Ìlú ń Bọ́, tí Kò Mọ Ìlú

 

Bí mo bá dé Ìperindó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni mo máa ń fẹ́ gbọ́ ju kí n máa sọ tèmi lọ. Nígbà kan, mo bi bàbá arúgbó kan léèrè ohun tí a ń pè ní ajẹ́lẹ̀. Mo mọ ohun tí ìwé wí: aṣojú tí ìlú tó ṣẹ́gun fi sí ìlú tí a ṣẹ́gun. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tí ìlú ń bọ́, tí kò mọ ìlú ni." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, síbẹ̀ n kò tíì rí oríkì ọ̀rọ̀ tó bá ìtàn mu tó báyìí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn ìtàn ogun púpọ̀. Lójú wọn, ibi tí odi ìlú bá ti wó ni ìtàn ti parí. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ṣẹ́gun ìlú kò le tó láti jókòó lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìbàdàn. Ní ọdún 1840, wọ́n dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni agbára wọn ti ń tàn lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà. Ní ọdún 1870, Iléṣà fúnra rẹ̀ ṣubú sí wọn lọ́wọ́. Ọgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n fi di àwọn ìlú wọ̀nyí mú. Èkíní, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìjòyè kan ní Ìbàdàn tí ń bá a sọ̀rọ̀, tí ó sì ń gba ìsákọ́lẹ̀ rẹ̀. Bàbá kékeré ni wọ́n ń pe irú ìjòyè bẹ́ẹ̀. Èkejì, ajẹ́lẹ̀ ń gbé láàrin ìlú náà, ó ń ṣọ́ ọ, ìlú ni ó sì ń bọ́ òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù: ìlú tó bá ṣọ̀tẹ̀ yóò rí ogun, wọn yóò sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Ní ọdún 1066, William láti Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn ará àríwá ṣọ̀tẹ̀, ó jó oko àti oúnjẹ wọn ní ìgbà òtútù ọdún 1069 sí 1070, ebi sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó kọ́ ilé olódi káàkiri, ó sì pín ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Èmi kò yin ìkà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan: àwọn tí William pín ilẹ̀ fún di onílé níbẹ̀, wọ́n sì fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Ohun tí wọ́n bá bà jẹ́, tiwọn ni wọ́n bà jẹ́. Ojú ajẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀ kò kúrò lára Ìbàdàn. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ni ó ń bẹ̀rù, kì í ṣe ẹni tó ń fún un lóúnjẹ.

Nítorí náà ni kò ṣe pẹ́. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí dìde. Ìtàn sọ pé ìwà tí àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀ ń hù sí àwọn obìnrin ló mú un bínú. Wọ́n pa ajẹ́lẹ̀, àwọn ìlú mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn borí nínú ogun Jálumi nítòsí Ìkirun, ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèńgbé sì di olórí ogun wọn. Ìbàdàn ti mú ọkùnrin yìí lẹ́rú rí, ibẹ̀ ni ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń jagun. Wọ́n ja ogun Kírìjì títí di àdéhùn ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, tí ó dá òmìnira àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ padà. Ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Àwọn kan yóò ní, bí kò bá sí Ìbàdàn, Ìlọrin ì bá ti gba gbogbo ilẹ̀ yìí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ewúrẹ́ lẹ́nu ẹkùn kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di ẹkùn mìíràn.

Ohun tó ń jẹ mí lógún ni pé ọ̀rọ̀ náà kò kú. Nígbà tí òyìnbó dé, ajẹ́lẹ̀ náà ni àwọn bàbá wa pe aláṣẹ tí ìjọba amúnisìn fi sí àgbègbè wọn. Wọn kò wo àwọ̀ ara, ipò tó wà ni wọ́n wò.

Lónìí ńkọ́? Ìperindó ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Atákúnmọ́sà. Irú káńsù báyìí ló yẹ kó sún mọ́ ará ìlú jù lọ. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, gómìnà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀ wa ń yan alága fìdíhẹ sí káńsù láìsí ìbò. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Nàìjíríà dájọ́ pé irú ìyànsípò bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Mo yọ̀ sí ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé ìdájọ́ nìkan kò tó. Ẹni tí wọ́n fi ìbò yàn, tó jẹ́ pé ilé gómìnà nìkan ni ó ti ń jíhìn, ajẹ́lẹ̀ náà ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń ka ìtàn akọni tó ṣẹ́gun, ẹ béèrè ẹni tí ó fi sílẹ̀ nínú ìlú. Kí ẹ sì béèrè ẹni tí onítọ̀hún ń jíhìn fún. Ìdáhùn yín ni yóò sọ iye ọdún tí ìṣẹ́gun náà yóò lò.

Ire o.