Ọmọ Tó Gboyè Tán Tó Tún Fẹ́ Di Nọ́ọ̀sì

Àwọn òbí kan ń bi wá léèrè pé: ọmọ tó ti gboyè ní yunifásítì nílé, tó wá dé Amẹ́ríkà, kí ló dé tó tún ń padà sí ilé-ìwé láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Ṣé ìwé àkọ́kọ́ ti já sí asán ni?

Kò já sí asán rárá. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣílẹ̀kùn. Ètò kan wà ní Amẹ́ríkà fún ẹni tó ti gboyè nínú iṣẹ́ mìíràn. Yunifásítì Saint Louis wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ní 1971. Ohun tí ọmọdé ń fi ọdún 4 kọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọ láàrin oṣù 11 sí 18, nítorí pé wọ́n ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìwé tó gbà nílé wò. Lẹ́yìn náà, ẹni tí kò bá tíì kọ́ nípa ẹ̀yà ara, kòkòrò àrùn àti kẹ́mísírì gbọ́dọ̀ kọ́ wọn kí wọ́n tó gbà á wọlé. Bó bá wọlé tán, kíláàsì rèé, wọ́ọ̀dù aláìsàn rèé, ìwé kíkà lóru rèé. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń kìlọ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣiṣẹ́ owó rárá. Ìdánwò ìjọba tí wọ́n ń pè ní NCLEX ló kẹ́yìn: ìbéèrè 85 sí 150, láàrin wákàtí 5, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀, kò tíì di nọ́ọ̀sì.

Ibi tó kàn wá nílé nìyí. Bí ọmọ bá sọ pé kí ẹ fún òun ní ọdún kan ààbọ̀ láìfi owó ránṣẹ́, ẹ má ṣe wí pé ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí òrùlé ilé dúró ná. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ẹbí dúró. Àìmọye ọmọ ló ń fi iṣẹ́ òru pa ara wọn nítorí owó ilé, tí ẹ̀kọ́ sì ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí bóyá àjọ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ yẹn fọwọ́ sí ilé-ìwé náà, àti iye àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń yege. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú lè rí owó ìjọba yá. Ẹni tó fi ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò lè rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Olùkọ́ ni ìyá wa Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt jẹ́ ní Èkó kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn St Thomas'. Nígbà tó yá, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù ní ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn. Ta ni yóò sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ tó kọ́kọ́ ṣe ṣòfò?

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí, kó fi tó akọ̀wé ẹgbẹ́ létí, kí a lè bá a yọ̀ lójú ìwé yìí lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ bá dé. Ó dìgbà kan ná.