Kànga Àtijọ́: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, àbí Ká Gbẹ́ Òmíràn?

Omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi tí kò mọ́ lè di ọ̀tá ilé. Ní Orè àti Òdígbó, ọ̀pọ̀ agboolé ló ṣì gbójú lé kànga tí àwọn òbí gbẹ́ sẹ́yìn ilé. Bí omi rẹ̀ bá ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tí ó ń dà rú lẹ́yìn òjò, àríyànjiyàn a bẹ̀rẹ̀: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká gbẹ́ òmíràn? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọjọ́ orí kànga kọ́ ni yóò dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí àbùkù wà: ṣé ara kànga ni, àbí ilẹ̀ tí ó wà?

Bí rìǹgì bá là, tí ẹrẹ̀ kún ìsàlẹ̀, tí kò sì sí ìdérí, àtúnṣe tó. Ẹ kó ẹrẹ̀ náà, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó là, ẹ gbé ẹnu kànga ga, kí ẹ sì da kọnkéré yí i ká kí àgbàrá má baà wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gbẹ, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú jù ni kí ẹ gbẹ́ ẹ jìn sí i, nítorí ìgbà náà ni omi lọ sílẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n bí ṣaláńgá tàbí sọ́káwè bá wà nítòsí, kò sí sìmẹ́ǹtì tó lè wẹ ilẹ̀ mọ́. Ní London lọ́dún 1854, àrùn onígbáméjì pa ju 600 ènìyàn lọ ní àdúgbò Soho. Dókítà John Snow tọpasẹ̀ àrùn náà dé kànga kan ní Broad Street, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn omi rẹ̀. Nígbà tí wọ́n túlẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí kòtò ẹ̀gbin tí bíríkì rẹ̀ ti jẹrà, tí kò jìnnà tó mítà kan sí i.

Mítà 30 ni a sábà ń là sílẹ̀ láàárín kànga àti kòtò ìgbẹ́. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, kò ju nǹkan bí mítà 15 sí 30 lọ, sọ́káwè aládùúgbò náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, kànga tuntun nínú ọgbà kan náà lè má yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ó lè sàn kí ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò dáwó gbẹ́ ọ̀kan síbi tó jìnnà sí ẹ̀gbin.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ tó ń lo bẹntiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láti fa omi. Èéfín rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde, kíá ló sì ń pa ènìyàn. Bí ẹnì kan bá dákú nísàlẹ̀, kí ẹlòmíràn má ṣe kó sínú rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá sì pa kànga àtijọ́ tì, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ dí i. Ẹ má sọ ọ́ di ààtàn, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà ọgbà.